Ìpín Gáàsì Tí Mo Fẹ́ Tà Nínú Ọyẹ́

Àáfà Sàláwù gbé sílíńdà rẹ̀ kalẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù mi bí ẹni tó gbé ẹjọ́ wá sí kóòtù. Ọyẹ́ ti mú Jos gan-an láàárọ̀ ọjọ́ náà. Èéfín ń jáde lẹ́nu gbogbo ẹni tó bá la ẹnu, Àáfà sì ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ láti sọ.

"Ìyá Tọ́pẹ́, afẹ́fẹ́ lásán lẹ tà fún mi."

"Ẹ kú òtútù, Àáfà."

"Òtútù kọ́ ló gbé mi wá. Gáàsì tí ẹ rọ fún mi kò tíì pẹ́ rárá. Lónìí, omi àlùwàlá kò gbóná. Iná kàn ń ṣe fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí àtùpà tí epo rẹ̀ ti gbẹ. Haba! Ọmọ Ìlọrin ni mí o, ẹ kò lè rẹ́ mi jẹ."

Gáàsì ìdáná ni mò ń tà ní Jenta Adamu. Àáfà ń ta fìlà àti tẹ̀sùbáà ní Laranto, ó sì ń kọ́ àwọn ọmọdé ní kéú. Ó máa ń kọjá lára àwọn tó ń ta gáàsì lọ́dọ̀ tirẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ mi, nítorí ó ní òun fẹ́ ra nǹkan lọ́wọ́ ẹni tí àwọn jọ ń sọ èdè kan náà. Ṣùgbọ́n bó bá ń yìn mí nìkan ló ń sọ Yorùbá. Bó bá ń bú mi, Hausa ló ń sọ, kí gbogbo àdúgbò lè bá a gbọ́. Ó ti yí sí Hausa kí n tó nawọ́ mú sílíńdà náà.

Mo gbé e sórí òṣùwọ̀n. Gbogbo sílíńdà ni wọ́n tẹ ìwọ̀n òfìfo rẹ̀ sí lára, nítòsí ọrùn. Ẹ ó wọ̀n ọ́n, ẹ ó yọ ìwọ̀n òfìfo yẹn kúrò, ohun tó bá kù ni gáàsì. Kò sí awo níbẹ̀. Èyí tó kù nínú ti Àáfà lé ní ìdajì.

"Ẹ wò ó fúnra yín. Ó kún ju bí ẹ ṣe rò lọ."

Ó wo òṣùwọ̀n, ó wò mí, bí ẹni pé èmi àti òṣùwọ̀n ti jọ sọ ọ́ tẹ́lẹ̀. "Kí ló dé tí iná wá kéré?"

Mo ṣàlàyé ohun tí mo ti ṣàlàyé fún èèyàn mẹ́ta ṣáájú rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Bí omi ni gáàsì ṣe rí nínú sílíńdà. Ìgbà tí ara rẹ̀ bá yá ló ń di afẹ́fẹ́, tí á gòkè wá bá iná. Bí òtútù bá mú un, kì í fẹ́ dìde, àfi bí ọmọ iléèwé láàárọ̀ ọyẹ́. Ó wà níbẹ̀, ó kàn ń lọ́ra ni. "Ẹ má fi iná wọn gáàsì, Àáfà. Ẹ gbé e kúrò lórí sìmẹ́ńtì tútù, ẹ fi pákó sábẹ́ rẹ̀, kí ẹ ní sùúrù títí ilẹ̀ á fi gbóná. Ẹ má gbé e súnmọ́ iná o. Ẹ má sì rì í sínú omi gbígbóná."

"Ìyàwó mi ti rì í sínú omi gbígbóná lẹ́ẹ̀kan."

Mo pariwo. Èèyàn tó ń kọjá lójú ọ̀nà dúró wò mí. Bí mo ṣe rí nìyẹn, ẹ̀rù iná kì í tán lára mi. Nígbà tí Tọ́pẹ́ ọmọ mi kéré, mo fi ẹfun fa ìlà sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, kò sì gbọdọ̀ kọjá ìlà náà. Bó bá fẹ́ fún mi ní oúnjẹ, á dúró lẹ́yìn ìlà, á nawọ́, èmi náà á nawọ́, bí ẹni tó ń gba nǹkan láti inú ọkọ̀ tó ń lọ.

Ọ̀dọ̀ Bọ̀ọ̀dá Rájí ni mo ti kọ́ iṣẹ́ yìí lẹ́yìn tí mo jáde iléèwé girama. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ bíi tèmi ni, kẹrosíìnì ló sì ń tà kó tó yí sí gáàsì. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan róbà tí a fi ń rọ gáàsì. Ó to sílíńdà sílẹ̀, ó ní kí n gbé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan kí n sọ èyí tó kún àti èyí tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Mo gbé wọn títí apá fi ń dùn mí. Nígbà tó wọ̀n wọ́n, kò sí ọ̀kan tí mo sọ tó tọ̀nà.

Ó ní, "Ojú ń parọ́. Apá ń parọ́. Iná ló wá ń parọ́ jù. Iná kì í ṣe òṣùwọ̀n."

Òun náà ló kọ́ mi ní ìpín ìdókòwò, èyí tí gbogbo èèyàn ń pè ní ṣíà. Ó ti ra díẹ̀ nínú ilé-iṣẹ́ kan tó ń wa gáàsì jáde láti inú ilẹ̀. Ó ní ẹni tó ń se oúnjẹ fún ará ìta, ó yẹ kó bu díẹ̀ jẹ níbẹ̀. Ó mú mi lọ sọ́dọ̀ alárinà tó ń bá èèyàn ra ìpín, ọmọ Berom kan tó ń jẹ́ Gyang, tí ọ́fíìsì rẹ̀ wà ní Terminus láàárín ìgboro. Nígbà tí mo bí Tọ́pẹ́, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ra tèmi, díẹ̀díẹ̀, bí agbára mi ṣe mọ. Bí ọdún bá yípo, bí ilé-iṣẹ́ náà bá jèrè, á pín nínú èrè rẹ̀ fún àwa tí a ní ìpín. Èrè ìpín nìyẹn. Mo fẹ́ kí èyí yé èèyàn dáadáa, nítorí àwọn oníbàárà mi kì í jẹ́ kó yé wọn. Kì í ṣe àjọ, tó jẹ́ pé bó bá kàn ọ́, wọ́n gbọ́dọ̀ kó o fún ọ. Kì í sì í ṣe èènì tí èèyàn ń bẹ̀bẹ̀ fún. Bí kò bá sí èrè, kò sí ohun tí wọ́n máa pín.

Èrè ìpín yẹn ni mo fi ń san owó yàrá Tọ́pẹ́ láti ìgbà tó ti wọ ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì lọ́nà Du. Ìpín náà fúnra rẹ̀, mi ò fọwọ́ kàn án. Òun ni mo fi pamọ́ dè é fún ìgbà tó bá jáde. Yàtọ̀ sí òṣùwọ̀n àti róbà, mi ò ní ohun mìíràn láti fi lé e lọ́wọ́.

Nínú ọyẹ́ yẹn kan náà ni ọjà ìpín já wálẹ̀. Kì í ṣe Gyang ló sọ fún mi. Gbogbo ẹni tó ní fóònù ní Jenta Adamu ló sọ fún mi. Mò ń rọ gáàsì fún awakọ̀ kan lọ́wọ́, ó ní, "Mama, ẹ tà á, kí ẹ lọ ra ilẹ̀." Obìnrin tó tẹ̀ lé e ní dọ́là ni kí n rà. Ẹnì kan tó jẹ mí lówó gáàsì jókòó sórí bẹ́ńṣì mi, ó ń kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ṣọ́ owó ná! Kò sí èyí tó béèrè orúkọ ilé-iṣẹ́ náà. Wọ́n ṣáà ní kí n tà.

Èyí tó burú jù ni pé mo ní kí Tọ́pẹ́ fi ohun tó ń sọ iye ìpín sórí fóònù mi. Ó kọ́kọ́ kọ̀.

"Mọ́mì, ẹ ò ní jẹ́ kí ara yín sinmi o."

"Fi síbẹ̀."

Ó fi síbẹ̀. Láti ìgbà náà, kí n tó kí ẹnikẹ́ni láàárọ̀, mo ti wo fóònù. Bó bá lọ sílẹ̀, mi ò lè jẹun. Bó bá gòkè díẹ̀, ẹ̀rù á bà mí pé yóò tún lọ sílẹ̀, mi ò sì ní lè jẹun. Nígbà tí ẹnì kan wá sọ pé òun gbọ́ pé kò sí ilé-iṣẹ́ gáàsì tó máa san èrè ìpín lọ́dún náà, mo sọ fún ara mi pé ó tó gẹ́ẹ́. Mo ti ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án gangan, ohun tí mi ò ṣe rí, mo sì mú ọ̀nà Terminus pọ̀n láti lọ ta ìpín náà.

Ta ni mo pàdé níwájú ilẹ̀kùn bí kò ṣe Àáfà Sàláwù pẹ̀lú sílíńdà.

"Ìyá Tọ́pẹ́, níbo? Ṣé kò sí láburú?"

Mo sọ fún un. Ó gbé sílíńdà rẹ̀ kalẹ̀ jẹ́jẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó ń mi irùngbọ̀n.

"Ẹ rántí ìyàwó ṣọ́jà tó kó kúrò ní Laranto?"

Báwo ni mi ò ṣe ní rántí? Inú ọyẹ́ yẹn náà ni obìnrin náà kó lọ, lẹ́yìn ìgbà tí Àáfà wá bú mi. Iná rẹ̀ kéré, ó gbà pé gáàsì ti tán, ó sì ta sílíńdà rẹ̀ fún Àáfà ní iye òfìfo. Àáfà gbé e wá sọ́dọ̀ mi pé kí n rọ ọ́. Nígbà tí mo wọ̀n ọ́n, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kún. Inú Àáfà dùn débi pé Yorùbá ló sọ jálẹ̀ ọjọ́ náà.

"Mo rántí. Kí ló kan èyí?"

"Ẹ̀yin lẹ sọ fún mi nígbà náà pé òtútù ló ta sílíńdà yẹn, kì í ṣe obìnrin náà. Ṣé ẹ ti wọn ìpín yín, àbí iná lẹ̀ ń wò?"

"Àáfà, ìpín kì í ṣe sílíńdà."

"Wallahi, mi ò mọ ohun tó jẹ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá tà á lónìí, ẹnì kan máa rà á. Ṣé wèrè lẹni yẹn?"

Kò sí ohun tó ń bí èèyàn nínú tó kí wọ́n gbé ọ̀rọ̀ ẹnu ẹni padà wá bá ẹni, pàápàá kó jẹ́ Àáfà, tí ìyàwó rẹ̀ ń rì sílíńdà sínú omi gbígbóná. Mo sọ fún un pé kó dúró dè mí tàbí kó wábi gbà. Mo lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà bá mi wọ ọkọ̀.

Gyang ti ń fa ìwé tí mo fẹ́ fọwọ́ sí jáde kí n tó jókòó. Ó bi mí ní Hausa pé ṣé kí òun ta gbogbo rẹ̀.

Mo ní, "Dúró ná. Kọ́kọ́ bá mi wọ̀n ọ́n."

"Kí ni kí n wọ̀n?"

"Ilé-iṣẹ́ yẹn. Yọ ariwo ọjà kúrò. Kí ló kù nínú rẹ̀?"

Ó yí kọ̀ǹpútà rẹ̀ kí n lè rí i. Ó ní ilé-iṣẹ́ náà ṣì ń ta gáàsì fún àwọn tó ń fi ṣe iná mànàmáná àti àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá. Ó ní wọn ò yá owó láti san èrè ìpín, èrè tiwọn ni wọ́n fi ń san án. Wọ́n ti kéde pé àwọn á san ti ọdún náà, ṣùgbọ́n kò ní tó ti èṣí.

"Ṣé iye rẹ̀ á padà gòkè?"

"Mama, mi ò mọ̀. Ẹni tó bá sọ fún yín pé òun mọ̀, ẹ di báàgì yín mú. Bó bá jẹ́ pé ẹ nílò owó náà báyìí, ẹ jẹ́ ká tà. Bí ẹ ò bá nílò rẹ̀, ẹ̀yin lẹ ni ín, ẹ̀yin ni kí ẹ sọ."

Láti ìgbà tí ọjà ti já, òun ni ẹni àkọ́kọ́ tó sọ pé òun ò mọ̀. Ọkàn mi balẹ̀ ju ìgbà tí mo wọlé lọ. Mi ò nílò owó náà lọ́jọ́ yẹn. Ẹ̀rù ló ń bà mí, ẹ̀rù kì í sì í ṣe gbèsè. Mo dìde láìfọwọ́ sí nǹkan kan. Kí n tó jáde, mo ní kó bá mi yọ ohun tó ń sọ iye ìpín kúrò lórí fóònù.

Nígbà tí mo padà dé, Àáfà ṣì wà lórí bẹ́ńṣì mi. Mo sọ fún un pé mi ò tà á. Kò rẹ́rìn-ín mọ́, ó kàn ní kí n wọn sílíńdà òun. Mo wọ̀n ọ́n, mo rọ ọ́, mo sì gba owó mi pé.

Èrè ìpín dé. Ó kéré bí Gyang ṣe sọ. Ó san owó yàrá Tọ́pẹ́, kò tó ra aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, owó gáàsì tí mo tà ni mo fi kún un. Bí mo ṣe ń kọ èyí, iye ìpín náà kò tíì padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀. Mi ò lè sọ pé mo jèrè. Ohun tí mo lè sọ ni pé mi ò ta ohun ọmọ mi nítorí òtútù.

Láìpẹ́ yìí, Tọ́pẹ́ pè mí. "Mọ́mì, gáàsì mi ti tán."

"Ta ló sọ fún ọ? Ṣé o wọ̀n ọ́n?"

"Níbo ni mo ti fẹ́ rí òṣùwọ̀n, Mọ́mì? Iná ti kú."

"Ọyẹ́ ni. Má gbé e súnmọ́ iná. Má fi omi gbígbóná—"

"Mọ́mì!"

Mo mú òṣùwọ̀n kékeré tí a ń gbé nǹkan kọ́, mo wọ ọkọ̀ Du. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wá wò mí, wọ́n ń kí mi, wọ́n sì ń pa ẹ̀rín mọ́ra. Mo gbé sílíńdà kọ́. Mo ka ìwọ̀n òfìfo tó wà lára rẹ̀. Mo tún òṣùwọ̀n wò, nítorí mi ò gbà á gbọ́.

Tọ́pẹ́ káwọ́ gbera. "Ẹ sọ ọ́ jáde, Mọ́mì. Kí ló kù nínú rẹ̀?"

"Kò sí nǹkan kan."

Gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Tọ́pẹ́ rẹ́rìn-ín títí ó fi fara ti ògiri. "Ṣebí mo ti sọ fún yín!"

"O sọ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́," mo ní, mo sì tú sílíńdà náà sílẹ̀ láti lọ rọ ọ́. "Ṣùgbọ́n nísinsìnyí, a mọ̀."