Ìkòkò Tí Mo Gbé Lọ Sílé Ìyá Ọkọ Mi ní Kàbà

Ilẹ̀ ò tíì mọ́ nígbà tí èmi àti Tinúkẹ́, ọmọ mi, jáde nílé wa ní Ìlọrin, à ń lọ kí ìyá ọkọ mi ní Kàbà. Báàgì méjì ni mo dì. Aṣọ wà nínú ọ̀kan. Inú èkejì ni mo kó ìkòkò kékeré kan, ṣíbí, ọbẹ àti àwo ọmọ náà sí. Bàbá Tinúkẹ́, tí iṣẹ́ ò jẹ́ kó bá wa lọ, wo ìkòkò yẹn, ó mirí.

"Ìyá Tinúkẹ́, ìkòkò lo fẹ́ gbé wọlé ìyá mi?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó bá wa gbẹ́rù dé gáréèjì.

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ìdí rẹ̀, kí ẹ má baà pè mí ní aláfojúdi. Nígbà tí Tinúkẹ́ lo ọlidé lọ́dọ̀ Màmá Kàbà kẹ́yìn, ṣe ló gbẹ padà wá. Ikùn rẹ̀ wú, ẹsẹ̀ rẹ̀ tín-ín-rín, ìgbẹ́ gbuuru ò dá. A lo oògùn aràn, a lo ti taífọ́ọ̀dù, pàbó ló já sí. Ẹnu ayé ò sì gbófo. Wọ́n ní ọmọ tó lọ sọ́dọ̀ ìyá àgbà tó wá ń gbẹ, kí la tún ń wádìí? Ọ̀rọ̀ náà kò yọ Kàbà sílẹ̀, ó dé etí Màmá fúnra rẹ̀.

Ilé ìwòsàn ló tú àṣírí ọ̀rọ̀. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ wò, wọ́n yẹ ìfun rẹ̀ wò, wọ́n ní àrùn sílíákì ni. Ohun kan wà nínú àlìkámà àti ọkà báálì tí wọ́n ń pè ní gúlúténì. Òun ló ń mú kí ìyẹ̀fun búrẹ́dì máa fà bí wọ́n bá ń pò ó. Kò ṣe èmi àti ẹ̀yin ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó ní àrùn yìí bá jẹ ẹ́, ara rẹ̀ á gbógun ti ìfun ara rẹ̀, oúnjẹ ò sì ní ṣe é lóore mọ́. Kì í ranni. Kò sí oògùn tó ń wò ó, àfi kéèyàn yẹra fún oúnjẹ náà títí ayé. Báyìí ni búrẹ́dì, sẹ̀mó, bọ́ọ̀nsì àti núdù ṣe di èèwọ̀ nílé wa. Ohun tí Màmá sì fi ṣìkẹ́ ọmọ ọmọ rẹ̀ lọ́jọ́ náà lọ́hùn-ún nìyẹn gan-an, torí ó rò pé ọmọ ìlú ńlá ò ní fẹ́ jẹ iyán.

A ti ṣàlàyé fún un lórí fóònù. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ fóònù ò lè pa ẹnu ayé mọ́. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé, bí ọmọ yìí bá tún fi lè ṣàìsàn nílé ìyá yẹn, orúkọ Màmá bàjẹ́ ní Kàbà nìyẹn.

Ọkọ̀ elérò méje la wọ̀. Ó di Ọmù-Àrán kí ojú tó là dáadáa. Obìnrin kan tó jókòó tì wá ra búrẹ́dì gbígbóná, ó bù fún Tinúkẹ́.

Ọmọ náà ní, "Ẹ ṣeun mà, ikùn mi kì í gbà á."

Obìnrin náà yíjú sí mi. "Ṣé ẹ̀yin lẹ kọ́ ọ kó má gba nǹkan lọ́wọ́ èèyàn?"

Mo ṣàlàyé. Ó ya ẹnu. "Búrẹ́dì? Búrẹ́dì tí a fi ń bẹ aláìsàn wò!"

Awakọ̀ wa gbà á lẹ́nu mi. "Ìyá, ẹ fi í sílẹ̀ jàre. Àbúrò tèmi ò gbọdọ̀ jẹ edé. Bó bá jẹ ẹ́, ojú rẹ̀ á wú bíi búrẹ́dì ọwọ́ yín yẹn." A rẹ́rìn-ín, obìnrin náà sì bá wa rín in.

Lẹ́yìn Ègbẹ̀, ihò pọ̀ ju ọ̀nà lọ. Awakọ̀ ń ya síhìn-ín, ó ń ya sọ́hùn-ún. Ibi tí a bá ti dẹsẹ̀ dúró, ní Ìsánlú, ní Mopa, "okun o" ni mò ń gbọ́. Lọ́dọ̀ tiwa ní Ọ̀ṣogbo, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní ìkíni tirẹ̀, ẹni tó ń tajà ní tirẹ̀, ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ ní tirẹ̀. Àwọn ará ibí fi okun kí gbogbo wọn, wọ́n fi ń sọ pé ẹ pẹ̀lẹ́, wọ́n fi ń dúpẹ́. Ohùn lẹ ó fi mọ èyí tí wọ́n ń sọ. Nígbà tí àwọn òkè olókùúta bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú, mo mọ̀ pé Kàbà dé.

Màmá ti dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Okun o! Okun o, ọmọ ọmọ mi!" Ó gbé Tinúkẹ́ bí ẹni gbé ọmọ ọwọ́. Owé, èdè àwọn ará Kàbà, ló ń sọ, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ ní Yorùbá tí gbogbo wa gbọ́, torí ahọ́n mi ò tíì gba Owé dáadáa. Àwọn aládùúgbò wọlé wá kí wa. Ojú gbogbo wọn ni mo ti gbé ìkòkò mi jáde lọ sí ilé ìdáná.

Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n: ìyàwó tó bá gbé ìkòkò wọlé ìyá ọkọ ti sọ̀rọ̀, bí kò tilẹ̀ lanu.

Ìyá Bọ́sẹ̀, tí ilé rẹ̀ kángun sí ti Màmá, ló kọ́kọ́ wí tirẹ̀. "Ṣé ìkòkò Màmá ti jò ni?"

Màmá rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà ò dénú. "Ẹ jẹ́ kó gbé e. Kí ọmọ ṣáà ti yè."

Ó gúnyán lálẹ́ ọjọ́ náà. Iṣu lásán ni iyán, kò sí gúlúténì kankan níbẹ̀, mo sì mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ti sọ mí di òmùgọ̀. Mo se ìrẹsì fún ọmọ nínú ìkòkò mi. Ọmọ ń wo iyán, Màmá ń wo ọmọ. Ó dùn mí, síbẹ̀ mi ò yí padà.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Màmá ní, "Ṣé kí n rẹ ẹ̀wà, kí n dín àkàrà fún un?"

"Ẹ má ṣe wàhálà, Màmá." Agbada ìdínǹkan rẹ̀ ni mò ń rò, ó ti fi dín bọ́ọ̀nsì rí. Mo sọdá títì, mo ra àkàrà gbígbóná lọ́wọ́ obìnrin kan. Mo bi í pé, "Ẹ̀wà ni, àbí?" Ó ní, "Kí ni ì bá tún jẹ́?" Ọkàn mi balẹ̀. Àkàrà tí wọ́n fi tọ́ mi dàgbà, ẹ̀wà, ata, àlùbọ́sà àti iyọ̀ ni.

Kò tíì tó ọ̀sán tí ọmọ fi di ikùn mú. Ó bì, ó tún bì, ó ń sunkún. Màmá gbé e lé ẹsẹ̀, ó ń fọwọ́ pa á lẹ́yìn. Àwọn aládùúgbò sáré wọlé. Ìyá Bọ́sẹ̀ wo ọmọ, ó wo ilé ìdáná, ó ní, "Nílé yìí náà?"

Omi bọ́ lójú Màmá. "Ọlọ́run mi, mi ò fọwọ́ kan oúnjẹ rẹ̀ o."

Mi ò gbọ́ irú ohùn yẹn rí lẹ́nu rẹ̀. Mo sáré padà sọ́dọ̀ alákàrà.

Ó dá mi lóhùn láìfi bò. "Fúláwà díẹ̀ ni mo fi lù ú, kó lè dì mú. Ẹ̀wà ti wọ́n jù, ìyàwó. Ọ̀pọ̀ wa là ń fi sí i." Kò ní ìdí láti tijú. Ta ló sọ fún un rí?

Mo padà dé, mo kúnlẹ̀ lójú gbogbo wọn. "Ẹ gbọ́ mi o. Màmá ò mọwọ́, kò mọsẹ̀. Èmi tí mo gbé ìkòkò wá ni mo fọwọ́ ara mi ra àkàrà tó ní fúláwà fún ọmọ mi. Ohun tó sì ṣe é nígbà ìjọ́sí náà nìyẹn: búrẹ́dì ni, kì í ṣe ọwọ́ ẹnikẹ́ni." Mo sọ ọ̀rọ̀ àrùn náà fún wọn látòkè délẹ̀.

"Fúláwà?" ni Ìyá Bọ́sẹ̀ wí. "Fúláwà lásán?" Ó wá rọra kúnlẹ̀ ti Màmá. "Okun o, Màmá." Aládùúgbò mìíràn náà ní, "Okun." Wọ́n ń sọ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹkún sì gba ojú mi.

Màmá nawọ́ sí mi. "Dìde, ìyàwó mi. Kò sí ìjà. Ṣùgbọ́n o ti ń ṣọ́ mi láti àná. Ó tó. Kọ́ mi."

Mo kọ́ ọ. Ó fọ odó àti ọmọ odó, ó gbé agbada bọ́ọ̀nsì fún Ìyá Bọ́sẹ̀, ó ra tuntun. Ó ní òun ò ní lọ ẹ̀wà nínú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ àlìkámà, ló bá wọ́ ọlọ jáde láti ẹ̀yìnkùlé. Nígbà tí ara ọmọ balẹ̀, àkàrà orí ọlọ ni Màmá dín fún un. Tinúkẹ́ jẹ ẹ́, ó lá ọwọ́. Aládùúgbò kan ní ọmọ ẹ̀gbọ́n òun ní Iyah-Gbede náà máa ń gbuuru bó bá ti jẹ búrẹ́dì, kí n tún orúkọ àrùn náà pè. Mo ní kí wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, àmọ́ kí wọ́n má ì tíì gba búrẹ́dì lẹ́nu rẹ̀ kí wọ́n tó yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, kí àyẹ̀wò má baà purọ́.

Nígbà tí ó tó àkókò àtipadà, Màmá di iṣu àti gàrí fún wa. Ó ń di ẹrù náà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kò wo ojú ọmọ. Ọlidé ṣì kù nílẹ̀.

Mo ní, "Màmá, ẹ jẹ́ kí Tinúkẹ́ dúró tì yín títí ilé ìwé á fi wọlé."

Okùn bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. "O ní kí ni?" Mo tún un sọ. Ó dìde, ó kígbe sí ilé kejì: "Ìyá Bọ́sẹ̀! Ẹ jáde wá gbọ́ o! Wọ́n fi ọmọ sílẹ̀ fún mi!"

Èmi nìkan ni mo wọkọ̀ padà. Lójú ọ̀nà, mo rò ó pé oúnjẹ ilẹ̀ wa, iyán, ẹ̀bà, ẹ̀kọ, ẹ̀wà, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ni ọmọ mi lè jẹ láìbẹ̀rù, bí fúláwà ò bá ti yọ́ wọ inú rẹ̀. Bíbéèrè ló gbà. Èmi ò béèrè lọ́wọ́ alákàrà bó ti yẹ, ẹni tó sì fẹ́ béèrè lọ́wọ́ mi, ìkòkò ni mo fi dá a lóhùn.

Ọjọ́ rọ̀ kí n tó dé Ìlọrin. Bàbá Tinúkẹ́ ṣílẹ̀kùn, ó ń wo ẹ̀yìn mi.

"Ọmọ ń kọ́?"

"Ó wà lọ́dọ̀ ìyá rẹ. Mo fi í sílẹ̀ níbẹ̀ ni."

Ó rọra jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó fọwọ́ bojú. Ó ní, "Ìyá mi á rí oorun sùn lónìí."