Kásẹ́ẹ̀tì Ìrọ̀lẹ́ Tí Bàbá Táyé Fi Sílẹ̀

Háà, Bàbá Táyé! Ṣé bí ẹ ṣe máa ṣe é náà nìyí? Àyìndé ọkọ mi, ẹ̀yin tí ẹ kì í dé ẹnu ọ̀nà kí ẹ má sọ ibi tí ẹ ń lọ, ẹ wá lọ báyìí, ẹ ò wí fún ẹnikẹ́ni. Ó wá di ọjọ́ tí Ọlọ́run Ọba bá kó gbogbo wa jọ kí n tó tún gbọ́ ohùn yín. Mo ti sunkún títí, inú sì tún ń bí mi. Ẹ jẹ́ kó máa bí mi bẹ́ẹ̀ ná, torí bí ìbínú yìí bá tán, n kò mọ ohun tí màá fi gbé ara mi dìde lórí ẹní.

Àwọn ẹbí ní kí n kọ nípa ìwà yín sínú ìwé ìrántí yín. Wọ́n ní kí n sọ pé ẹ kì í pa ìrun jẹ, pé ẹ kì í bá ará àdúgbò jà, pé ẹ lawọ́. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀, àwọn ẹ̀gbọ́n yín sì ti kọ ọ́ sójú ìwé tiwọn. Èmi fẹ́ kọ nípa kásẹ́ẹ̀tì yín, nítorí láti ọjọ́ tí ẹ ti lọ, kò sí ẹni tó wá kí mi tí kì í béèrè rẹ̀. Wọ́n á jókòó, wọ́n á ṣe àdúà, wọ́n á wá rọra sún mọ́ mi: "Ìyá Ìbejì, ẹ kú ará fẹ́ra kù o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ò ní jẹ́ kí Ìrọ̀lẹ́ parun, àbí?"

Fún ẹ̀yin àlejò tí ẹ wá láti ọ̀nà jíjìn, kásẹ́ẹ̀tì ni Ìrọ̀lẹ́. Ọkọ mi ló ṣa àwọn orin tó wà nínú rẹ̀ jọ, òun ló tò wọ́n, òun ló sì sọ kásẹ́ẹ̀tì náà ní Ìrọ̀lẹ́. Kò sí ẹni tó kọrin nínú wọn. Èlò orin oníná ló ń dún níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, jẹ́jẹ́, bí ẹni pé kò sí ohun kan tó ń kánjú lọ ṣe. Láti Igbó-Ọrà títí dé Èrúwà àti Ayétẹ̀, ẹ ó gbọ́ ọ lọ́dọ̀ àwọn télọ̀, ẹ ó gbọ́ ọ nínú mọ́tò àwọn tó ń kó iṣu lọ sí Ìbàdàn, ẹ ó gbọ́ ọ lọ́dọ̀ ọmọ ilé ìwé tó ń múra ìdánwò. Àwọn nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn wa ń lò ó. Fújì tó bá gbòde lọ́dún yìí, tó bá di ọdún tó ń bọ̀, eruku á ti bò ó nínú ṣọ́ọ̀bù wa, ṣùgbọ́n èèyàn ò yé béèrè Ìrọ̀lẹ́.

Ẹ ò bá mọ bí wọ́n ṣe fi ọkọ mi ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà tó bẹ̀rẹ̀. Dókítà òyìnbó kan tó wá ṣiṣẹ́ fúngbà díẹ̀ nílùú wa ló fi páálí kásẹ́ẹ̀tì kan sílẹ̀ fún un nígbà tó ń padà sílé, nítorí pé ọkọ mi máa ń bá a tún rédíò rẹ̀ ṣe. A ti ń ta kásẹ́ẹ̀tì nígbà náà, fújì, wáàsí, àpàlà, ohun tí gbogbo ayé mọ̀. Bó ṣe fi àkọ́kọ́ nínú ti òyìnbó sẹ́nu ẹ̀rọ, Alhaji tó ń rán fìlà níwájú ṣọ́ọ̀bù wa gbé ojú sókè.

"Múfútáù, ta ni orin yìí ń kì?"

"Kò kì ẹnikẹ́ni, Alhaji."

"Kò kì ẹnikẹ́ni? Kí ni wọ́n wá ṣe é fún?"

Èmi pàápàá rẹ́rìn-ín. Mo ní ó ń dún bí fíríìjì tó ń mí. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin, Àyìndé, ẹ kò jáwọ́. Ẹ kàn ń tún orin náà tò. Ẹ ó fi èyí ṣíwájú, ẹ ó fi tọ̀hún tẹ̀lé e, ẹ ó wá máa wo ẹsẹ̀ àwọn oníbàárà tó jókòó sórí bẹ́ńṣì. Bí ẹnì kan bá ṣì ń gbọn ẹsẹ̀, ẹ ó mi orí, ẹ ó ní orin yẹn kò tíì bọ́ sí àyè rẹ̀. Bí ẹsẹ̀ bá dúró jẹ́ẹ́, tí ẹni náà fara ti ògiri, ẹ ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Nígbà tó yá, Alhaji ló ń sọ pé kí ẹ tún un gbé sí i kí òun lè rí fìlà òun rán dáadáa.

Àmọ́ ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ yín ti béèrè lọ́wọ́ mi, tí n kò dáhùn rí. Ẹ ní kí ló dé tí kò sí ìdákẹ́jẹ́ láàárín orin kan àti èkejì nínú Ìrọ̀lẹ́, tí ọ̀kan ń wọ inú ọ̀kan lọ bẹ́ẹ̀ láìdúró. Bàbá Táyé kì í fẹ́ kí n sọ ọ́. Wọn ò sí níbí láti dá mi lẹ́kun mọ́, màá sọ ọ́ lónìí.

Obìnrin méjì ni Ọlọ́run fi àwọn ìbejì wa ṣe. Nílùú wa, bí ẹ bá pe Ìyá Ìbejì lójú pópó, ìdajì àwọn obìnrin á yíjú, nítorí náà a kò rò pé a ṣe bàbàrà. Ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì dùn mọ́ wa púpọ̀. Wọn ò tíì tó lọ sílé ìwé nígbà tí ibà líle kan mú Táyé lọ. Gbogbo yín ẹ mọ̀ pé a kì í wí pé ìbejì kú nílẹ̀ wa. Ó lọ sọ́jà ni. Ó lọ ra iyọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni màmá ọkọ mi wí fún Kẹ́hìndé, bẹ́ẹ̀ ni èmi náà wí, nítorí ẹ̀rù ń bà wá pé bí ó bá gbọ́ pé èkejì rẹ̀ kú, òun náà á tẹ̀lé e.

Kẹ́hìndé bá gbà á gbọ́. Ó wá ń dúró de Táyé. Ó ń bu ìdajì oúnjẹ rẹ̀ sọ́tọ̀ dè é, kò sì ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan án. Bí ó bá ti gbọ́ ìró alùpùpù láti ọ̀nà ọjà, ó dìde nìyẹn. Oorun kò gbé e. Ọmọ náà gbẹ títí egungun àyà rẹ̀ yọ, nọ́ọ̀sì yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní àwọn ò rí àìsàn kankan. Lójú mi báyìí, ó ti ń tẹ̀lé èkejì rẹ̀ lọ díẹ̀díẹ̀.

Orin inú ṣọ́ọ̀bù nìkan ló ń mú un sùn. Bàbá rẹ̀ tẹ́ ẹní fún un lẹ́yìn tábìlì, ó ń gbé orin òyìnbó yẹn sí i lọ́sàn-án. Ọmọ á sùn. Ṣùgbọ́n bí orin kan bá parí, tí ibi gbogbo pa rọ́rọ́ kí èkejì tó bẹ̀rẹ̀, ojú rẹ̀ á là. Ó ń tẹ́tí sí ọ̀nà ni. "Ṣé Táyé ti dé?" Nítorí ìdákẹ́jẹ́ kékeré yẹn ni ọkọ mi ṣe jókòó ti ẹ̀rọ méjì, ó ń dín ohùn ọ̀kan kù bí ó ti ń gbé ohùn ìkejì sókè, ó ń bà á jẹ́, ó ń tún un ṣe, títí gbogbo orin fi so pọ̀ mọ́ra. Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé ó ń fi ọkàn yín balẹ̀, ọmọ kan tí oorun kọ̀ ni wọ́n ṣe é fún.

Kò sì tó. Kásẹ́ẹ̀tì kò lè ṣe kó má parí.

Ọjọ́ ọjà kan ni, lẹ́yìn ìrun Alásárì. Ọmọ ń sùn, èmi ń ṣa ẹ̀wà níwájú ṣọ́ọ̀bù. Iná bá lọ. Orin náà fà, ó fà, ó kú. Kí n tó gbé àwo ẹ̀wà sílẹ̀, Kẹ́hìndé ti ta gìrì, ọ̀kadà kan sì ń bọ̀ láti ọ̀nà ọjà, ó gbé obìnrin kan pẹ̀lú ẹrù rẹ̀. Ọmọ mi sáré bọ́ sójú títì. Mo pariwo orúkọ rẹ̀. Ọlọ́kadà já ọwọ́ ọkọ̀ rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, ó wọ inú gọ́tà, ẹrù obìnrin náà dà sílẹ̀.

"Ọmọ ta nìyí? Ṣé ẹ fẹ́ kí n pa èèyàn ni?"

Kẹ́hìndé kò tilẹ̀ wò ó. Ó di aṣọ obìnrin yẹn mú, ó ń wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó ń wo inú ẹrù. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé ẹ rí Táyé lọ́jà?"

Ọmọ ìlú wa ni obìnrin náà, kò sì sẹ́ni tó nílò láti là á yé e. Ó fọwọ́ pa ọmọ lórí. "Ó ń bọ̀ lẹ́yìn, ọmọ mi. Ó ń ra iyọ̀ lọ́wọ́."

Ìgbà náà ni mo gbọ́ ohùn ọkọ mi. "Rárá o."

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sínú eruku níwájú ọmọ. "Kẹ́hìndé, wò mí. Táyé ò sí lọ́jà. Táyé kú. A ti sin ín. Kò ní í bọ̀ mọ́."

Gbogbo àdúgbò ké. Wọ́n ní èèwọ̀ ni. Màmá ọkọ mi sáré dé, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì bo etí ọmọ, ó ti pẹ́ jù. Èmi fa ẹ̀wù ọkọ mi ya. Mo ní, "Bí ọmọ yìí bá bá èkejì ẹ̀ lọ, ẹ̀yin lẹ pa á o, Bàbá Táyé! Ẹ̀yin lẹ pa á!"

Kò wojú mi. Ọmọ ló ń wò. Kẹ́hìndé wojú bàbá rẹ̀, ó ní, "Ṣé kí n má dúró dè é mọ́?"

"Má dúró dè é mọ́, ọmọ mi."

Ọmọ náà jókòó sílẹ̀ ojú títì níbẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí sunkún. Láti ọjọ́ tí Táyé ti lọ, kò tíì sunkún rí.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ ò mọ bí ilé wa ti rí lẹ́yìn ìyẹn. Màmá ọkọ mi gbé ẹní wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ọmọ, wọn ò sì bá ọkọ mi sọ̀rọ̀. Èmi kò se oúnjẹ fún un. Ọwọ́ mi kò kúrò lọ́rùn Kẹ́hìndé, mò ń wò ó bóyá ara rẹ̀ gbóná. Ó ń sunkún, ó ń sùn, ó ń jí, a ń retí èyí tó burú jù. Ó di àárọ̀ ọjọ́ kan, ó ní ebi ń pa òun. Mo gbé ẹ̀kọ àti àkàrà fún un. Ó jẹ ẹ́ tán. Kò bu ìdajì sọ́tọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Mo kó àwo lọ sẹ́yìnkùlé, mo jókòó ti ìkòkò omi, mo sunkún ayọ̀ àti ìbànújẹ́ pọ̀.

Àwọn oníbàárà ló bẹ ọkọ mi pé kó ṣe àdàkọ kásẹ́ẹ̀tì yẹn fún àwọn. Bẹ́ẹ̀ ni Ìrọ̀lẹ́ ṣe bọ́ sígboro. Mo ti ro ìdí tí kò fi gbó títí, mo sì rò pé mo mọ̀ ọ́n. Orin tiwa dára, ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà ló ń bá èèyàn sọ̀rọ̀. Ó ń kìlọ̀, ó ń yìn, ó ń tọrọ. Èyí kò bá yín sọ nǹkan kan, kò sì ní irọ́ kankan láti pa fún yín. Ẹni tó ti rẹ̀ lè jókòó tì í.

Àyìndé, n kò sọ pé ẹ ṣe é dáadáa o. Títí dòní ni mò ń sọ pé inú yàrá ló yẹ kí ẹ ti sọ fún ọmọ, kì í ṣe lójú ọlọ́kadà. A fa ọ̀rọ̀ yẹn títí lọ́dọọdún, ẹ ó kàn máa rẹ́rìn-ín, ẹ ó ní, "Ìyá Ìbejì, ọmọ ṣáà wà láàyè." Bẹ́ẹ̀ ni. Ó wà láàyè, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ga tó mi, ẹnu rẹ̀ sì mú bíi tèmi.

Nígbà tí mo ti Ìbàdàn dé lọ́jọ́ tí ẹ kú sọ́wọ́ mi nílé ìwòsàn níbẹ̀, èrò ti kún ilé. Àǹtí yín ti wí fún Kẹ́hìndé pé dókítà kàn dá yín dúró díẹ̀ ni, pé ẹ ń bọ̀. Ọmọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Bó ṣe rí mi, ó dìde, ó wo ẹ̀yìn mi, kò rí yín.

"Màámi, ṣé kí n dúró dè wọ́n?"

Àǹtí yín ń ṣẹ́jú sí mi. Mo wá ọ̀rọ̀ tó rọ̀ ju tiyín lọ, Bàbá Táyé, n kò rí i. Mo dì í mú níwájú gbogbo wọn.

Mo ní, "Má dúró dè wọ́n, ọmọ mi. Wọ́n ti kú."

Mo sọ ọ́, Àyìndé. Ẹnu ọ̀nà náà ni mo ti sọ ọ́, lójú gbogbo èèyàn, gẹ́gẹ́ bíi tiyín. Ó sunkún sí mi láyà títí aṣọ mi fi tutù, nígbà tó sì ṣe, ó jẹun.

Ẹ bá wa kí Táyé. Ọjọ́ tí Ọlọ́run bá pè wá, àwa náà á wá. Ẹ má tẹ́tí sí ọ̀nà wa, ọkọ mi, ẹ má dúró dè wá. Ẹ sùn re o.

Èmi, aya yín,
Ìyá Ìbejì