Aṣọ Tí Ọmọ Mi Gba Ẹsẹ̀ Wọ̀

Títí di òní, bí òórùn aṣọ òwú tútù lábẹ́ áyọ́ọ̀nù gbígbóná bá ti kàn mí nímú, Adidogomé ní ìlú Lomé ni ọkàn mi máa ń lọ, sí yàrá kékeré tí aládùúgbò wa ti ń ránṣọ. Fèrèsé ibẹ̀ kọjú sí títì, ariwo ọ̀kadà kì í dákẹ́, erùpẹ̀ pupa a sì máa bà lé gbogbo nǹkan àfi aṣọ àwọn oníbàárà, nítorí ọ̀rá ni obìnrin náà fi ń bò wọ́n. Ọmọ Lomé gan-an ni. Mina àti Faransé ló ń sọ, Yorùbá rẹ̀ kò sì ju "ẹ káàárọ̀" lọ, ìbáà jẹ́ ìrọ̀lẹ́. Tata, ìyẹn àǹtí, ni ọmọbìnrin mi ń pè é, bẹ́ẹ̀ ni èmi náà ṣe ń pè é.

Ní ọdún náà, ìyàwó mi lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ láti tọ́jú ìyá rẹ̀ tó ń ṣàìsàn, ó sì fi ọmọ sílẹ̀ fún èmi nìkan. Èbúté ni mo ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí a ti ń kó ẹrù sọ̀ kalẹ̀. Mo rò pé mo ń ṣe bàbá dáadáa, àfi ìgbà tí ọmọ já bọ́ lórí jangílófà nílé ìwé, tí apá ọ̀tún rẹ̀ kán. Dókítà fi plâtre dì í, báńdéèjì funfun tó le bí ògiri, láti àtẹ́lẹwọ́ dé òkè ìgúnpá, apá náà sì ká kò síwájú àyà rẹ̀.

Ẹkún ìrora ò pẹ́ tán. Ẹkún aṣọ ló gba ipò rẹ̀. Ayẹyẹ ìparí ọdún ti ń bọ̀, òun sì ni wọ́n yàn láti ka ewì kíláàsì wọn. Gbogbo àwọn ọmọbìnrin ni yóò wọ aṣọ ooru aláwọ̀ yẹ́lò, èyí tí kò lápá, tó jẹ́ okùn ló wà léjìká rẹ̀. Èyí tí ìyá rẹ̀ ti rà sílẹ̀ kò gba apá dídì yẹn kọjá. Mo ní kó wọ ṣẹ́ẹ̀tì mi kan, ó wò mí bí ẹni tí mo bú.

"Dádì, mi ò lọ mọ́," ló wí, ó sì kọjú sí ògiri.

Mo ra ọ̀pá aṣọ yẹ́lò mélòó kan, mo gbé e tọ Tata lọ. Aṣọ ayẹyẹ ti kún ibẹ̀ dé àjà. "Papa, mi ò ráyè," ó dá mi lóhùn ní Faransé. "Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kan nìyẹn tí ẹnikẹ́ni ò lò. Ẹ jókòó, kí ẹ rán an fúnra yín." Mo rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín.

Mi ò tíì rán ju bọ́tìnnì lọ láyé mi. Mo gé aṣọ náà bí mo ṣe rí èyí tó wà nílé, mo kàn fẹ̀ ẹ́ lábẹ́ apá. Ojú ìránṣọ mi wọ́ bí ipa ìgbín. Nígbà tí a fẹ́ gbé e bọ ọmọ lọ́rùn, ó há mọ́ plâtre, ó sì ya. Lọ́tẹ̀ yìí ọmọ náà kò sunkún. Ó kàn bá mi ká aṣọ náà, ó gbé e fún mi. Ìyẹn dùn mí ju ẹkún lọ.

Ní àárọ̀ Sátidé, lẹ́yìn tí mo wẹ̀ fún un, ó mú ìró ìyá rẹ̀ kan tí wọ́n ti rán ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pọ̀, ó ki ẹsẹ̀ méjèèjì bọ inú rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ kan fà á sókè dé abẹ́ apá. "Dádì, ẹ bá mi so ó." Mo so ó. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Apá tó kán wà níta gbayawu, kò sí ohun tó fara kàn án. Mo dúró bí ẹni tí wọ́n pè lórúkọ. Bí ìró bá lè gba ẹsẹ̀ wọlé, ta ló ní kí aṣọ máa gba orí?

Mo sáré tọ Tata lọ. Ó pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. "Ó dáa! Òwú rọ́bà ni yóò bá yín dì í mú."

Ó kọ́ mi bí a ṣe ń fi ọwọ́ ká òwú rọ́bà, òwú tó ń nà tó tún ń fún padà, sórí irin kékeré ìsàlẹ̀ ẹ̀rọ láìfà á, bí a ṣe ń fi òwú lásán sí òkè, kí ojú abẹ́rẹ́ sì gùn. Mo rán ẹ̀gbẹ́ aṣọ yẹ́lò tó kù pọ̀ bíi ti ìró yẹn, mo wá rán ìlà kan tẹ̀ lé òmíràn yí ká àyà rẹ̀, mò ń na aṣọ bí mo ṣe ń lọ. Nígbà tí mo yọ ọ́, ó rọ̀ jọ̀wọ̀lọ̀, kò fún rárá. Ọkàn mi bàjẹ́, torí aṣọ tó kù nìyẹn. Tata gba aṣọ náà lọ́wọ́ mi. Ó wọ́n omi sí i, ó gbé áyọ́ọ̀nù gbígbóná sókè rẹ̀ díẹ̀ láìjẹ́ kó kàn án. Lójú mi báyìí, aṣọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í súnkì, ìlà dé ìlà, títí gbogbo àyà rẹ̀ fi hun jọ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Mo kígbe! Àwọn oníbàárà yíjú wò mí.

"Rọ́bà fẹ́ràn ooru," ni Tata wí.

Ó tún kọ́ mi bí a ṣe ń rán okùn tóóró, tí a ó fi abẹ́rẹ́ fa inú rẹ̀ síta. Mo ba mélòó kan jẹ́ kí ọwọ́ mi tó mọ́ ọn. Okùn ejìká òsì ni mo rán mọ́ aṣọ; ti ọ̀tún ni mo fi sílẹ̀ fún síso, kí a má baà yọ apá ọmọ lẹ́nu.

Nígbà tí ayẹyẹ ku ọ̀la ni ìyàwó mi dé. Ó yí aṣọ náà sódì, ó wo ojú ìránṣọ rẹ̀. "Ta lẹ gbé e fún?"

"Èmi ni mo rán an."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́."

Lọ́jọ́ kejì, ọmọ gba ẹsẹ̀ wọ aṣọ náà, ó gun orí pèpéle pẹ̀lú plâtre rẹ̀, ó ka ewì náà já láìkọsẹ̀. Wọ́n pàtẹ́wọ́, ṣùgbọ́n kò sọ̀ kalẹ̀. Ó tún fà mọ́ ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó ní, "Et ma robe, c'est mon papa qui l'a cousue!" Bàbá òun ló rán aṣọ òun! Gbogbo àgbàlá bú sẹ́rìn-ín àti àtẹ́wọ́. Tata dìde, ó ń nàka sí mi fún gbogbo ayé. Ìyàwó mi ń rẹ́rìn-ín, omijé sì ń bọ́ lójú rẹ̀.

Láti ìgbà tí mo ti dé Lomé, àlejò ni mo ka ara mi sí, ẹni tí ń sanwó kí àwọn ẹlòmíràn bá a ṣe ohun tí kò mọ̀. Ọdún yẹn ni mo jókòó bí ọmọ iṣẹ́ láàárín wọn, tí mo bà á jẹ́, tí mo tún un ṣe. Àgbàlagbà tó bá gbà kí wọ́n kọ́ òun ní nǹkan nílùú kan ti di ọmọ ìlú náà. Ọmọ mi ni mo rò pé mò ń rán aṣọ náà fún, kí n tó mọ̀ pé èmi gan-an ló bá mu.