Ìtọ̀ Tútù Bàbá Ẹ-Dín-in-kù

Bí ẹ bá dárúkọ olóògbé káfíńtà tí wọ́n ń pè ní Bàbá Ẹ-Dín-in-kù ládùúgbò rẹ̀, ọ̀rọ̀ ìtọ̀ tútù ni wọ́n á kọ́kọ́ sọ.

Àárọ̀ ni wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un. Ọ̀sán pọ́n, kò tíì tọ̀. Nọ́ọ̀sì ní bó bá di aago mẹ́rin tí kò tọ̀, òun á ti rọ́bà bọ ojú ọ̀nà ìtọ̀ rẹ̀, torí ìtọ̀ tó bá há sínú lè ba kíndìnrín jẹ́. Bàbá, tí kò ra ìṣó rí láìná an, ní kí wọ́n sọ ọ́ di aago mẹ́fà. Nọ́ọ̀sì kọ̀. Bàbá ní ó dáa, aago márùn-ún.

Ìyàwó rẹ̀ ń wo abẹ́ ìdodo ọkọ rẹ̀ tó ń wú, ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀. Ó mọ̀ pé bí àwàdà ọkùnrin yìí bá ti pọ̀ jù, ẹ̀rù ló ń bà á.

Nígbà tó ku díẹ̀ kí aago mẹ́rin lù, Bàbá na ike ìtọ̀ sí nọ́ọ̀sì tìyangà-tìyangà. Nọ́ọ̀sì dì í mú.

"Bàbá, ìtọ̀ yín tutù."

"Òtútù ló ń mú mi láti àárọ̀, ọmọ mi."

Ife omi tó wà lórí tábìlì rẹ̀ ti gbẹ. Gbogbo wọ́ọ̀dù rẹ́rìn-ín, àfi ìyàwó rẹ̀ tó bú sẹ́kún. "Ẹ má fìtìjú kárùn," ó ní. "Ta lẹ fẹ́ fi mí sílẹ̀ fún?"

Ìgbà yẹn ni Bàbá jẹ́wọ́ pé òun ò lè tọ̀ ní ìdùbúlẹ̀, lójú èèyàn. Nọ́ọ̀sì fa kọ́tìnnì, ó gbé e dìde dúró, ó ní kí ìyàwó ṣí ẹ̀rọ omi díẹ̀, kí Bàbá máa gbọ́ ọ. Aago mẹ́rin lù. Omi ń dún. Nígbà tó pẹ́, obìnrin náà gbọ́ ìró kejì. Ike náà gbóná lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì. Kíá ni Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í ná iye ọjọ́ tó kù kí wọ́n dá òun sílẹ̀.

Nílé, bó bá ti wọ balùwẹ̀ láàárọ̀, ìyàwó rẹ̀ á ṣí ẹ̀rọ omi ilé ìdáná. Bàbá ní kó máa ṣe é lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Obìnrin náà ò dín in kù.

Ọdún mọ́kànlá lẹ́yìn náà ni ọlọ́jọ́ dé, ìyẹn ni kò rí ná. Títí dòní, bílẹ̀ bá ti mọ́, ìyàwó rẹ̀ ṣì máa ń ṣí omi náà. Á tẹ́tí sílẹ̀ díẹ̀, á rẹ́rìn-ín, á sì tì í.