Èwo Lo Ṣe Gbẹ̀yìn?

Lánàá ni mo tún gbọ́ ọ̀rọ̀ tó máa ń bí mi nínú jù láyé: "Màmá, ẹ fi sílẹ̀, ẹ jẹ́ n bá yín ṣe é." Síkírátù ọmọ mi ló sọ ọ́, nílé wa ní Bẹẹrẹ, bí mo ṣe jókòó ti kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ilé-ìwé kan ń wá ẹni tó máa kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní aṣọ híhun, wọ́n sì ní onítọ̀hún gbọ́dọ̀ mọ kọ̀ǹpútà lò. Àná gan-an ni wọ́n máa gba fọ́ọ̀mù mọ. Mo ti kọ orúkọ, mo dé orí nọ́ńbà fóònù, ni ojú ìwé náà bá ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Lẹ́tà kan ṣoṣo tóbi bí àtẹ́lẹwọ́ mi, bọ́tìnì tí wọ́n fi ń fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ sì ti sá kúrò lójú kọ̀ǹpútà pátápátá. Mo ní n ò fi sílẹ̀. Bí ẹlòmíràn bá bá mi ṣe é, irọ́ ni mo pa fún wọn yẹn.

Ọ̀rọ̀ Síkírátù ló gbé mi padà sí agboolé wa ní Òjé, níbi tí ìyá àgbà mi ti ń hun kíjìpá, aṣọ líle tí àwọn obìnrin ń hun lórí òfì tí wọ́n gbé ti ògiri. Mo rántí òórùn aró lára òwú láàárọ̀ ọyẹ́, ewúrẹ́ kan tó fẹ́ràn láti máa jẹ etí aṣọ, àti èmi ọmọ ọdún mẹ́jọ tí mo rò pé mo ti mọ̀ ọ́n hun ju ẹni tó ń kọ́ mi lọ. Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, mo ń hun ìparí aṣọ ìyàwó tí wọ́n máa wá gbà lẹ́yìn ìrun. Kí n tó mọ̀, ilà dúdú ti wọ́ lọ síbi tí kò yẹ. Àǹtí mi gbé àlùmọ́gàjí dé, ó ní kí n dìde kóun gé e.

Ìyá àgbà kọ̀ jálẹ̀. "Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án." Ó yíjú sí mi: "Èwo lo ṣe gbẹ̀yìn? Tú u. Èwo lo ṣe ṣáájú ìyẹn?" Ó ki ọwọ́ ara rẹ̀ méjèèjì bọ abẹ́ itan kí wọ́n má baà ràn mí lọ́wọ́. Mo sunkún, mo tú u ní fọ́nrán kọ̀ọ̀kan, títí mo fi débi tí mo ti fo òwú kan. Aṣọ náà parí kí àwọn ọkùnrin tó ti mọ́sáláṣí dé.

Mo wá bi ara mi lánàá: èwo ni mo ṣe gbẹ̀yìn? Àmì àròpọ̀ tó máa ń ṣáájú nọ́ńbà fóònù ni mo ń tẹ̀ léraléra, tí kò jáde. Mo wo ọwọ́ òsì mi. Orí Kọntíróólù ló wà, dípò Ṣíìfù tó wà lókè rẹ̀, èyí tó máa ń mú àmì náà jáde! Gbogbo ìgbà tí mo tẹ̀ ẹ́ ni ojú ìwé ń wú sí i. Mo di Kọntíróólù mú, mo tẹ àmì àyọkúrò. Ojú ìwé náà sún kì díẹ̀. Mo tún tẹ̀ ẹ́. Báyẹn ni mo ṣe tú u lọ́kọ̀ọ̀kan títí bọ́tìnì fi yọjú.

Agboolé yẹn ti di ṣọ́ọ̀bù, òfì náà ti di igi ìdáná. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń yára já nǹkan gbà lọ́wọ́ àgbà, ara wa ló gbó, ọwọ́ wa ò gbàgbé. Ìbéèrè tó kẹ́yìn nínú fọ́ọ̀mù ni ibi tí mo ti kọ́ kọ̀ǹpútà. Mo kọ ọ́ gàdàgbà: "Òjé, nídìí òfì ìyá àgbà mi." Síkírátù ní wọn ò ní gbà á. Mo fi ìka ara mi tẹ bọ́tìnì, mo ní kí wọ́n wá bá mi jà.