Ìwé Tíì Nínú Yàrá Iwájú

Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé ìwé wo ló yẹ kí ẹni tó fẹ́ràn tíì kà, ìdáhùn mi kì í pẹ́. Kó kọ́kọ́ ka ti àwọn tó ń já ewé náà lórí òkè, kó lè mọ̀ pé ẹ̀yìn á ti ro obìnrin kan kí ife kan tó kún. Kó tún wá èyí tó ṣàlàyé omi, torí omi kànga àti omi inú ike kì í fún tíì ní adùn kan náà. Lẹ́yìn náà, kó wá ìtàn àròsọ tó gùn, tí tíì á ti máa tutù lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn èèyàn inú rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń jà. Ìwé tó bá sì ń bú ẹni tó da mílíìkì sí tíì kò gbọdọ̀ wọ ilé mi. Èmi kì í da mílíìkì sí tèmi, ṣùgbọ́n ìyá mi ń dà á, mi ò sì ní fowó ara mi ra èébú fún ìyá mi.

Yàrá iwájú nílé bàbá wa ní Ìjẹ̀bú-Òde ni mo kó àwọn ìwé náà sí. Nígbà tí bàbá wa kú, ẹbí pín yàrá fún àwa ọmọ, lọ́kùnrin lóbìnrin, èyí tó kọjú sí títì sì bọ́ sí mi lọ́wọ́. Mo kan pẹpẹ mọ́ ògiri, mo gbé kẹ́tùlù àti ife kalẹ̀, mo sì to àwọn ìgò tí mo da ewé tíì sí sójú fèrèsé. Tí mo bá ti dé láti ilé ìwé tí mo ti ń kọ́ ọmọ, ibẹ̀ ni mo máa ń jókòó sí.

Ìyá mi, tó ń gbé yàrá ẹ̀yìn, kò fara mọ́ ọn rárá. Nílé wa, tíì ni ife ńlá tí mílíìkì àti ṣúgà pọ̀ nínú ẹ̀, tí a ó máa ki búrẹ́dì bọ̀. Tíì lásán, aláìsàn là ń fún. Nígbà tó kọ́kọ́ rí mi tí mò ń mu ún, ó fọwọ́ kan ọrùn mi bóyá ara mi gbóná. Nígbà tó rí i pé ara mi dá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún aládùúgbò pé ọmọbìnrin òun ti di ahun. Ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn ìtàn. Nírọ̀lẹ́, mo máa ń fi ẹnu Ìjẹ̀bú túmọ̀ ìwé fún un, á sì máa bá àwọn èèyàn inú ìwé wí bí ẹni pé ọmọ ìyá rẹ̀ ni wọ́n.

Àwọn ìgò ojú fèrèsé yẹn ló dá wàhálà sílẹ̀. Obìnrin kan láti Ìbẹ̀fún sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà, ó ní, "Ẹ kú ọjà o. Ẹ bá mi bu ti jẹ̀díjẹ̀dí."

Mo ní mi ò ta àgbo, pé tíì ni. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ó yé mi, ẹ ò fẹ́ kí wọ́n gbọ́. Èyí tó lágbára gan-an ni kẹ́ ẹ fún mi."

Mo bu tíì fún un. Ó mu ún tán, ó ní ó ti ń ṣiṣẹ́. Kò pẹ́ tí àwọn mìíràn fi ń bèèrè ti ibà àti ti ẹ̀yìn ríro, tí ọ̀rọ̀ náà sì dé etí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, tó ń bójú tó ilé fún ẹbí.

Ó fi ìbínú wá. Ó ní mo ti sọ ilé bàbá wa di ilé alágbo. Ó rán mi létí àṣà ẹbí wa: yàrá tí ẹni tó ni ín kò bá lò, ẹbí lè gbà á, kí wọ́n fi háyà. Ó ti rí ọkùnrin kan tó fẹ́ fi ṣe ṣọ́ọ̀bù fóònù.

"Kí lo ń fi yàrá yìí ṣe gan-an?"

"Mò ń fi mu tíì, mo sì ń fi kàwé, Bùọ̀dá."

"Ìyẹn kì í ṣe ìlò. Ṣé o ò lè kàwé lórí bẹ́ẹ̀dì ni?"

"Ẹ̀yin náà kó táyà àlòkù sí yàrá tiyín. Ṣé táyà ló wá mọ yàrá lò jù mí lọ?"

Ó ní lọ́jọ́ Sátidé òun ń mú ayálégbé náà bọ̀. Mo ní kí wọ́n máa bọ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé, mo ṣí ilẹ̀kùn àti fèrèsé sílẹ̀ gbayawu, mo tún fi ìgò kún ìgò. Ẹni tó bá fẹ́ kó pè é ní àgbo. Ìyá mi wọlé, ó fa àga sẹ́nu ọ̀nà, ó ní kí n máa bá ìtàn wa lọ. Ibẹ̀ la wà tí ẹ̀gbọ́n mi fi dé pẹ̀lú ọkùnrin náà, tó mú téèpù lọ́wọ́.

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde díẹ̀, kí wọ́n lè wọn ibí."

Ìyá mi ò gbè mí lẹ́yìn rí lórí ọ̀rọ̀ yàrá yìí, bó bá sì dìde, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn.

Kò dìde.

"Mo ní yàrá kan nílé bàbá mi ní Ìmùṣin," ó sọ fún ẹ̀gbọ́n mi. "Èmi ni wọ́n fún. Wọ́n ní mi ò lò ó, mo sì dákẹ́, torí mo rò pé obìnrin tó ti lọ́kọ ò gbọdọ̀ jà sí yàrá. Bátìrì ni wọ́n ń tà níbẹ̀ báyìí. Nígbà tí mo débẹ̀ kẹ́yìn, ẹni tó ń tajà bi mí pé kí ni mo fẹ́ rà."

Ayálégbé bẹ̀rẹ̀ sí í ká téèpù rẹ̀.

Mo ṣíwèé, mo sì ń kà á lọ, mo gbóhùn sókè kí àwọn tó wà lódìkejì títì lè gbọ́.