Ife Orí Ìṣó

Ìyá mi kì í ta omi láìkọ́kọ́ mu ún. Láràárọ̀, bí ó bá ti ṣí ẹ̀rọ, yóò mú ife tánganran tó fi kọ́ sórí ìṣó lára ògiri, yóò gba omi sí i, yóò ní "Bìsímíláì", yóò sì mu ún tán lójú gbogbo èèyàn. Ìgbà náà ni ẹni àkọ́kọ́ yóò tó gbé kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ síwájú. Nílé wa, ẹni tó bá gbé ohun mímu fún àlejò ló ń kọ́kọ́ tọ́ ọ wò, kí ọkàn àlejò lè balẹ̀. Àṣà ilé yìí ni màmá gbé wá sídìí ẹ̀rọ. Àwọn obìnrin Mọ̀sí, àwọn onílẹ̀ ibẹ̀, kọ́kọ́ ń fi í rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, wọn kì í sún kẹ́ẹ̀gì bí wọn kò bá tíì rí i kó mu.

Ẹ̀yìn odi ìlú là ń gbé nígbà náà. Onílé wa ní Paspanga láàárín ìlú ta ilé mọ́ wa lórí, ibi tí a sì kó lọ, páìpù ìjọba kò tíì dé ibẹ̀. Ọkùnrin kan ló gbẹ́ kànga ẹ̀rọ, tó gbé táńkì gàgàrà sórí òpó irin, tó sì fa omi dé ìdí ògiri wa. Patron, ìyẹn ọ̀gá, ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ó wá bẹ màmá pé kó bá òun máa ta omi náà. "Àlàájà," ó sọ ọ́ ní èdè Júlà níṣojú mi, "èmi ni mo ni kànga. Ẹ̀yin lẹ ni àwọn èèyàn." Inú màmá dùn. Inú tèmi kò dùn, nítorí ẹni tó bá kọ́kọ́ yìn mí kó tó bẹ̀ mí níṣẹ́, ọwọ́ rẹ̀ ni mo máa ń wò. Màmá ní ìfura mi ti pọ̀ jù. Mo ní ìfura loògùn àgbà. Ó ní ta ló sọ fún mi pé mo ti dàgbà.

Ọdún kan wá wà tí ààwẹ̀ bọ́ sí àárín ooru. Ife dúró sórí ìṣó látìgbà tí oṣù ti lé. Ta ni yóò ní kí aláààwẹ̀ mu omi láàárọ̀ ṣúṣú? Kò sẹ́ni tó béèrè. Wọ́n á kí màmá "barka", wọ́n á sì gbé kẹ́ẹ̀gì síwájú bí wọ́n ti ń ṣe. Omi tútù inú ọ̀rá tí mò ń rà bọ̀ láti ọjà Sankaryaré, níbi tí mo ti ń ta aṣọ, ni màmá fi ń ṣínu. Ní sààrì, tíì oníṣúgà ló ń mu. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ń ta omi tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò tọ́ wò.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, bí mo ṣe ń gun alùpùpù mi lọ sọ́jà, mo rí ọkọ̀ akómi kan lẹ́yìn táńkì. Wọ́n na rọ́bà láti inú ọkọ̀ sókè. Ewé odò rọ̀ mọ́ rọ́bà náà, irú èyí tó ń bo ojú adágún tí wọ́n ti ń fọ kámíọ̀nù. Ẹ̀rù bà mí. Awakọ̀ ní àwọn kàn ń fọ táńkì ni. Mo sọ fún màmá nírọ̀lẹ́, ó sì ní, "Ṣé kànga ti gbẹ, kí Patron má sọ fún mi? Kò lè ṣe bẹ́ẹ̀."

Ìyàwó Nàgó kékeré kan láti Bẹ̀nẹ̀ ń gbé yàrá tó kángun sí tiwa. Ó ń tọ́mọ lọ́wọ́, kò gbààwẹ̀, omi ẹ̀rọ wa ni òun àti ọmọ ń mu. Bí ààwẹ̀ ṣe ń parí lọ, ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í yàgbẹ́ gbuuru. "Eyín ló ń hù, Àǹtí," ó ní, "ça va aller, yóò dára." Mo wo àwùjẹ̀ ọmọ náà, ó ti rì wọnú. Mo gbé àwọn méjèèjì sẹ́yìn alùpùpù lọ sílé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì béèrè irú omi tí ọmọ ń mu.

"Omi Àlàájà ni," obìnrin náà dáhùn. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́. Wọ́n dá ọmọ dúró síbẹ̀.

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún màmá. Lọ́jọ́ ọdún, nígbà tí a ti ìrun dé, àwọn èèyàn ti tò pẹ̀lú aṣọ ọdún lọ́rùn. Màmá mú ife lórí ìṣó, ó fọ̀ ọ́, ó gba omi, ó ní "Bìsímíláì". Omi wà lẹ́nu rẹ̀, kò gbé e mì. Ó tu ú dà sílẹ̀ lójú gbogbo wọn, ó sì ti ẹ̀rọ pa. "Ẹ má mu ún mọ́," ó ní. Wọn kò bá a jà. Ìbá tẹ́ mi lọ́rùn kí wọ́n jà. Wọ́n gbé kẹ́ẹ̀gì wọn lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, màmá sì jókòó sórí àpótí, ó ń sunkún pé orúkọ òun ni wọ́n ń mu látọjọ́ yìí.

Patron wá gba kọ́kọ́rọ́. Kò bínú rárá, ó tilẹ̀ dúpẹ́, ó ní "barka, Àlàájà." Nígbà tó lọ tán ni a rí i pé ìṣó ti ṣófo.

Kò pẹ́ tó fa omi sí òdìkejì títì, tó fi ọkùnrin kan síbẹ̀ tí ẹnu rẹ̀ dùn. Láràárọ̀, ọkùnrin náà ń mu ife kan lójú gbogbo èèyàn kó tó tà. Ife màmá ni, mo mọ ibi tó ti ṣá létí. Ọjọ́ kan ni mo dúró wò ó dáadáa. Ife ti kún kó tó fọwọ́ kan ẹ̀rọ. Ọ̀rá omi tí wọ́n ti fa ya sì wà nílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ìyàwó kékeré yẹn wà lórí ìlà. Ọmọ rẹ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ àìsàn, ó wà lẹ́yìn rẹ̀, ó rù kan eegun. Mo rìn sún mọ́ ọn.

"Ìyàwó, ife yẹn ti kún kó tó ṣí ẹ̀rọ."

"Mo rí i, Àǹtí." Kò wo ojú mi. "Gbogbo wa la rí i. Bí èédú bá wà, mò ń se omi náà kí a tó mu ún."

"Bí kò bá sí ńkọ́?"

Ìlà sún. Ó fi ẹsẹ̀ ti kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ síwájú, ó sì tún ọmọ pọ̀n.